Fọ́tò Kẹsàn-án

Fọ́tò ìgbéyàwó ni bàbá mi ń yà,
àti ti òkú, kí wọ́n tó kan pósí pa,
àti ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín, tí wọ́n gbé jókòó sórí àrán.
Dọ́là kan àbọ̀. Bí o kò bá lówó, mú ẹyin wá.
Lucius Tarpley, ayàwòrán, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀,
ní ìlú kékeré kan ní Misisípì
tí òwú ti funfun títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa.
Kò pe ara rẹ̀ ní jagunjagun rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan,
àwọn ènìyàn wa tò sẹ́nu ọ̀nà kóòtù
láti fi orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n lè dìbò.
Ìyá Ozella ló ṣíwájú, ó dé àkẹtẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ́ bí wọ́n ti ń kọ orúkọ rẹ̀
lórí àpò ìyẹ̀fun tó ti ṣófo.
Z inú rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Àwọn ọlọ́pàá dé, ajá ló ṣáájú wọn.

Mi ò ní ka fọ́tò méjèèjìlá fún yín.
Àkọ́kọ́: bàtà, gbogbo rẹ̀ ń dán.
Ẹ̀kejì: ajá.
Ẹ̀karùn-ún ni gbogbo ayé mọ̀:
ajá ti fa etí aṣọ Ozella ya,
ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà kò sí lára ajá.
Ìwé tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wò,
bí ẹni pé orúkọ náà lè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ní, “Ṣí i.”
Bàbá mi ṣí kámẹ́rà sínú oòrùn.
Wọ́n fa fíìmù jáde bí ìfun adìẹ,
wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
Òfìfo ni. Ó ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ oníyìnyín.
Èyí tó yó wà nínú irun Verdell, ìyá mi,
ó dì í mọ́ àárín òṣùká irun, ó fi ìborùn wé e,
ó gba àárín wọn kọjá, ó ní ẹ káàárọ̀.
Orí ló gbé e.
Ẹ má rò pé òwe ni mò ń pa:
orí ló gbé e, bí ẹni ru omi, tí kò dà.

Lóru, a fi ìṣó kan bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé ilé ìdáná.
Ọmọ ọdún méje ni mí, èmi ni mo di abọ́ mú.
Nígbà tí fíìmù gbẹ, mo gbé e sójú iná,
ayé sì ti yí:
ojú ọlọ́pàá dúdú bí èédú,
ojú Ozella funfun bí ẹ̀fun,
ajá nìkan, tó jẹ́ aláwọ̀ eérú, ni kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.
Mo ní, “Bàbá, ṣé bí ọ̀run ti rí nìyí?”
Ó ní, “Rárá. Fọ abọ́ yẹn.”

Ní kóòtù, wọ́n búra pé ajá kankan kò sí níbẹ̀.
Ojú lọ̀rọ̀ wà. Fọ́tò kejì: ajá.

Nígbà tó yá, wọ́n fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù wa.
Bàbá mi ya ìyẹn náà.
Ozella dìbò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.
Z rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Fọ́tò karùn-ún ti wà lára ògiri mùsíọ́ọ̀mù báyìí,
àwọn ọmọ iléèwé ń wò ó, wọ́n ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.
Àwọn alábòójútó ní kí n mú ìyókù wá.
Mo gbé ẹ̀kẹsàn-án lé tábìlì:
ojú ọ̀run, ìdajì igi, ṣóńṣó bàtà, gbogbo rẹ̀ ṣú bàìbàì.
“Èyí ńkọ́, màmá? Àṣìṣe ni?”

Ibẹ̀ ló ti jọ̀wọ́ kámẹ́rà.
Ó ń fì lọ́rùn rẹ̀, ó ya ohun tó bá rí,
nígbà tí bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì
gbé Ozella dìde.
Nínú gbogbo fọ́tò tí a ní nílé,
òun nìkan ni bàbá mi wà nínú rẹ̀.